Fáànù oníná lára Hilux àtijọ́: ìdáhùn sí awakọ̀ kan ní Ìgbógbó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Hilux àtijọ́ kan ni mo fi ń ru ata àti tòmátò láti Mile 12 wá sí ọjà Sábó ní Ìkòròdú, ẹ́ńjìnnì 22R ló wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀nà bá já geere, kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láàrin Mile 12 sí Owódé Onírin báyìí, gééjì á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, màá sì ní láti pa ẹ́ńjìnnì. Mo ti ra fáànù oníná méjì, tòkúnbọ̀ ara Golf. Mo fẹ́ fi kébù táì so wọ́n mọ́ rédíétọ̀, kí n fa wáyà láti ara bátìrì gba swíìṣì kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kí n máa fọwọ́ tàn án. Mekáníìkì mi ti yọ témósítáàtì tipẹ́. Ṣé ó máa ṣiṣẹ́? Ṣé kí n yọ fáànù àtijọ́ ni àbí kí n fi í sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ó máa ṣiṣẹ́. Ẹ ó tilẹ̀ máa yin ara yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn, kébù táì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ rédíétọ̀, swíìṣì abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ẹni tó jókòó tì yín á sì máa bi yín pé kí ló ń jóná. Mi ò rí àbùkù lára fáànù tí ẹ rà. Bí ẹ ṣe fẹ́ so ó àti bí ẹ ṣe fẹ́ fún un níná ni mi ò fara mọ́.

Ohun kan wà nínú ìbéèrè yín tó jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀: ọkọ̀ náà ń gbóná tó bá dúró, kì í gbóná tó bá ń sáré. Bí ọkọ̀ bá ti ń sá tó nǹkan bí 60 kìlómítà ní wákàtí, afẹ́fẹ́ tó ń gba iwájú wọlé ti tó rédíétọ̀ lò, fáànù ò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ mọ́. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró gan-an ni iṣẹ́ fáànù. Fáànù tí bẹ́líìtì ń yí, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe yára tó lòun náà ṣe ń yára, nítorí náà ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù ló máa ń rọ jù. Ká ní òdìkejì lẹ sọ ni, pé orí eré ló ti ń gbóná, màá ní kí ẹ fi fáànù sílẹ̀, kí ẹ lọ wo rédíétọ̀ tó ti dí, wọ́tà pọ́ǹpù tí abẹ inú rẹ̀ ti jẹ, tàbí hóòsì ìsàlẹ̀ tó ń fún pọ̀ nígbà tí pọ́ǹpù bá ń fa omi. Ká sì ní omi ń yọ ìfófòó lẹ́nu rédíétọ̀ láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná, tàbí ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì tí ẹ rí nǹkan funfun bí ògì lábẹ́ rẹ̀, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ti lọ nìyẹn. Ogún fáànù ò lè gbà á.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ yẹ fáànù àtijọ́ wò. Kò so mọ́ púlì tí bẹ́líìtì ń yí tààrà. Kílọ́ọ̀ṣì kan wà láàrin wọn, òróró tó ki wà nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ara rédíétọ̀ bá ti ń fẹ́ lù ú, kílọ́ọ̀ṣì náà á gbá fáànù mú. Bí òróró yẹn bá jò tán, fáànù á kàn máa yí bí ẹni tí oorun ń kùn. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, ẹ pa á, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ wá fọwọ́ ti fáànù náà. Bó bá wúwo lọ́wọ́ tó sì tètè dúró, ó ṣì dára. Bó bá yí lọ ràìràì, tí ìdọ̀tí olóróró sì yí àárín rẹ̀ ká, ohun tó ń yọ yín lẹ́nu nìyẹn, kílọ́ọ̀ṣì mìíràn nìkan sì lè parí ẹjọ́. Ká ní ẹ ò tíì náwó ni, ohun tí màá ní kí ẹ ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ti rà á, kílọ́ọ̀ṣì tòkúnbọ̀ náà sì dà bí ọjà òkùnkùn, ẹ jẹ́ ká máa bá ti oníná lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti témósítáàtì tí wọ́n yọ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú. Ní gbogbo ọgbà mekáníìkì tí mo ti jókòó sí láti Ògólóńtò wá, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: ìlú òtútù ni òyìnbó ṣe é fún, níbi tí oòrùn ti ń pa wá yìí, ẹ sọ ọ́ nù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ témósítáàtì ni kó di omi mú títí ẹ́ńjìnnì á fi dé ìwọ̀n ooru tí wọ́n ṣe é fún, 82 tàbí 88 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, kó sì mú un dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, lórí eré ẹ́ńjìnnì á tutù ju bó ṣe yẹ lọ, epo tó ń jẹ á pọ̀ sí i, ọ́ìlì á tètè dọ̀tí. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, yíyọ ọ́ tún ń ṣí ọ̀nà ẹ̀bùrú sílẹ̀ fún omi gbígbóná láti yí padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé rédíétọ̀ rárá, ẹni tó yọ ọ́ kí ọkọ̀ lè tutù á wá fọwọ́ ara rẹ̀ mú un gbóná. Ó sì kan fáànù wa: swíìṣì tí yóò máa tan fáànù fúnra rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e pé omi á wà ní ìwọ̀n kan. Ẹ ra tuntun, 82, ẹ dá a padà sí àyè rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò nínú ìkòkò. Orí sítóòfù ìyàwó mi ni mo ti ń ṣe é, ó ti fi ìkòkò kan jìn mí nítorí rẹ̀. Ẹ fi òwú so témósítáàtì rọ̀ sínú omi kó má kan ìdí ìkòkò, ẹ ki témómítà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ dáná díẹ̀díẹ̀. Ní nǹkan bí 82, ẹ ó rí i tí ẹnu rẹ̀ á là bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Kí omi tó hó, ó ti là gbayawu. Inú omi yẹn náà ni kí ẹ ti dán swíìṣì fáànù wò. Swíìṣì Golf ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ràn, ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ta fáànù fún yín. Ẹ ki orí bàbà rẹ̀ bọ omi, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wà lókè, ẹ fi bátìrì àti gílóòbù kékeré so ó. Ìpele kìíní á tan gílóòbù ní nǹkan bí 95. Ìpele kejì ò ní tan o, ẹ má torí ẹ̀ sọ pé ó ti bàjẹ́: ó ju 100 lọ, omi inú ìkòkò tó ṣí sílẹ̀ ò sì lè kọjá 100 kó má hó. Tinú rédíétọ̀ lè kọjá bẹ́ẹ̀ torí kọ́fà rẹ̀ há a mọ́. Kọ́fà tí wọ́n kọ 0.9 sí lórí, omi lè dé nǹkan bí 118 lábẹ́ rẹ̀ kó tó hó. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ṣí i ní gbígbóná fi ń lọ sílé pẹ̀lú ojú bíbó.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ yọ fáànù àtijọ́ pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Àyè ò gba méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ fi bẹ́líìtì sílẹ̀! Ọmọ iṣẹ́ kan lọ́gbà wa yọ ọ́ mọ́ fáànù lọ́jọ́sí, ó ní ṣebí fáànù bẹ́líìtì ni gbogbo ayé ń pè é. Bẹ́líìtì yẹn náà ló ń yí wọ́tà pọ́ǹpù àti ọ́tínétọ̀ tó ń fún bátìrì níná. Ẹ tún wo nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó mú púlì: irin kílọ́ọ̀ṣì tó wà láàrin ti kúrò, nọ́ọ̀tì lè dé òpin eyín rẹ̀ kí púlì tó le. Ẹ fi wáṣà dí àyè yẹn, kí ẹ mi púlì lọ́wọ́ wò kó tó di pé ẹ kúrò níbẹ̀.

Ó wá ku ti kébù táì. Èmi náà ti lò ó rí, lára ọkọ̀ tèmi, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Mo ki mẹ́rin gba inú rédíétọ̀, mo fà á, ó le dandan, mo sì rò pé mo ti gbọ́n ju ọ̀gá mi lọ. Ní oṣù kẹta, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ ò tutù. Mo wá a títí. Níkẹyìn mo tú rédíétọ̀ sílẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀ lálẹ́. Ẹsẹ̀ fáànù ti ń jó díẹ̀díẹ̀ lórí túùbù kan ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n, ó ti fá bàbà rẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, ihò kan sì wà láàrin rẹ̀ tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ooru ni omi ń bá jáde níbẹ̀, kì í kán. Láti ọjọ́ yẹn, ohunkóhun tó bá máa di fáànù mú, ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ níbi tí bọ́ọ̀tì wà ni mo ń gbé e kọ́. Mi ò gbé e kọ́ àárín mọ́.

Ohun tí ẹ ó gbé kọ́ ibẹ̀ ni ilé fáànù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn ti ń kùnà. Fáànù tí kò ní ilé, ibi tí òbìrípo rẹ̀ dojú kọ nìkan ló ń fa afẹ́fẹ́ gbà. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rédíétọ̀ á kàn máa wò ó. Ẹ wọn rédíétọ̀ yín kí ẹ tó gé nǹkan. Bó bá jẹ́ fáànù kan ló gbà, ọ̀kan tó ní ilé sàn ju méjì tó wà ní gbangba lọ. Ẹ gbé ìwọ̀n náà lọ bá pánẹ́ẹ̀lì bítà tó mọ iṣẹ́, kó fi páànù alumíníọ̀mù tó nípọn tó mílímítà kan ààbọ̀ ṣe àwo pẹrẹsẹ kan tó bo gbogbo ẹ̀yìn rédíétọ̀, kí jíjìn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kí afẹ́fẹ́ igun lè ráyè rìn dé ọ̀dọ̀ fáànù. Kó gé ihò fáànù sí i, kí etí ihò sún mọ́ ẹnu abẹ fáànù láì kàn án. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ àtijọ́ ni kí ẹ fi yí etí àwo náà ká níbi tó ti kan rédíétọ̀. Èyí ń dí afẹ́fẹ́, ó sì ń jẹ́ kí irin má fá irin.

Ìṣòro kan ṣẹ́kù lára ilé fáànù. Lórí eré, nígbà tí fáànù ò yí, àwo yẹn náà ló máa dí afẹ́fẹ́ tó fẹ́ gba rédíétọ̀ kọjá lọ́nà. Mo máa ń lu ihò gbọọrọ mẹ́ta mẹ́rin sí igun rẹ̀, màá wá gé rọ́bà inú táyà ọ̀kadà, màá fi ríbẹ́ẹ̀tì kan etí òkè rẹ̀ mọ́ páànù kó máa ṣe bí aṣọ ojú fèrèsé. Bí fáànù bá ń fà, rọ́bà náà á lẹ̀ mọ́ ihò, á dé e. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ á tì í sẹ́yìn, á ráyè kọjá. Iṣẹ́ tálákà ni lójú, ṣùgbọ́n mo ti rí irú rẹ̀ lára ọkọ̀ tí wọ́n fi owó gidi ṣe ní iléeṣẹ́.

Láàrin ẹ̀yìn mọ́tò fáànù àti púlì wọ́tà pọ́ǹpù, ẹ fi àyè tó ìnǹṣì kan sílẹ̀ ó kéré tán, torí ẹ́ńjìnnì máa ń mì lórí ìjókòó rẹ̀. Kí ẹ tó de bọ́ọ̀tì pa, ẹ so wáyà mọ́ bátìrì fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ mú bébà pẹlẹbẹ kan sí iwájú rédíétọ̀. Fáànù gbọ́dọ̀ fà á lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá ń tì í dànù, ẹ yí wáyà padà. Bí ẹ bá yí i padà tí fífà rẹ̀ ò sì lágbára, abẹ fáànù yẹn, wọ́n ṣe é láti máa tì ni, ẹ wá irú èyí tó ń fà.

Wáyà ni iṣẹ́ mi gan-an, ẹ fara dà á bí mo bá pẹ́ níbẹ̀.

Fáànù tó ń jẹ 200 wáàtì, lórí nǹkan bíi fóólùtì 13, ámpù 15 ló ń fà. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, ó lè fà tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Swíìṣì kékeré tí ẹ fẹ́ fi sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wọn ò ṣe é fún irú ẹrù yẹn, ẹnu rẹ̀ á máa tàn yànìyàn nínú lọ́hùn-ún títí ike rẹ̀ á fi yọ́. Rílé ni kí ẹ lò, ìyẹn swíìṣì tí iná kékeré ń tan kó lè gbé iná ńlá, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n kọ 40A sí lára, ọ̀kan fún fáànù kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti orí pọ́sítífù bátìrì, wáyà á gba inú fíúsì 30 kọjá lọ sí ẹsẹ̀ 30. Kí fíúsì yẹn má jìnnà sí bátìrì ju ìbú ọwọ́ kan lọ, torí bí wáyà bá bó láàrin bátìrì àti fíúsì, kò sí ohun tó máa pa iná yẹn. Ẹsẹ̀ 87 lọ sí pọ́sítífù fáànù. Ẹ wá iná tó ń wá nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títan, ẹ fi fíúsì 5 sí i, ẹ gbé e lọ sí ẹsẹ̀ 86. Ẹsẹ̀ 85 lọ sí swíìṣì ooru, swíìṣì á wá gbé e wọ ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bọ́dì ọkọ̀. Báyìí, ẹ̀rọ kékeré inú rílé nìkan ni swíìṣì ń gbé, kò tó ìdá mẹ́rin ámpù kan.

Swíìṣì ọwọ́ tí ẹ fẹ́ náà ṣì wúlò. Ẹ fà á láti ẹsẹ̀ 85 yẹn kan náà wọ ẹ́ẹ̀tì, kó wà ní ẹ̀gbẹ́ swíìṣì ooru. Bí swíìṣì ooru bá kú lọ́jọ́ kan, ẹ kàn tẹ ti ọwọ́, ẹ máa bá ìrìn àjò lọ. Àmọ́ kí ẹ máa fọwọ́ tàn án lójoojúmọ́, rárá. Ọjọ́ tí kọ́ńdọ́ọ̀tọ̀ danfó kan bá ń bá yín fa ọ̀rọ̀ ni ẹ máa gbàgbé.

Wáyà tó ń gbé ẹrù fáànù gbọ́dọ̀ jẹ́ olókùn púpọ̀, mílímítà mẹ́rin. Kì í ṣe wáyà ilé olókùn kan ṣoṣo, torí gbígbọ̀n ọkọ̀ á ṣẹ́ ẹ. Níbi tí nẹ́gẹ́tífù fáànù bá ti kan bọ́dì, ẹ fá ọ̀dà kúrò títí irin á fi tàn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi mítà wọn iná lórí bátìrì, ẹ tún wọn ọ́n lẹ́nu fáànù. Bí ìyàtọ̀ bá ju ìdajì fóólùtì lọ, iná ń sọ nù lójú ọ̀nà, ẹ lọ wá ibi tí ìdè kò ti le.

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan dára fún fáànù méjì: ẹsẹ̀ àjọni á lọ sí ẹ́ẹ̀tì, ìpele kìíní á máa pe rílé fáànù kan, ìpele kejì á máa pe èkejì nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ni ọ́tínétọ̀ yín. Fáànù méjì jẹ́ ámpù 30. Iná iwájú méjì, wáàtì 55 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sún mọ́ 9. Ẹ fi wáípà, rédíò àti iná ẹ́ńjìnnì kún un, ẹ ó ti kọjá 45. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọ́tínétọ̀, orí eré ló ti ń fún un. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, ìdajì rẹ̀ lè máà pé. Ẹ dán an wò lálẹ́: iná iwájú títàn, fáànù méjèèjì ń yí, ẹ́ńjìnnì ń kùn lójú kan. Bí mítà lórí bátìrì bá wà ní 13 sókè, ó dára. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí 12, bátìrì ló ń san gbèsè yẹn, ẹ ó sì mọ̀ láàárọ̀.

Ibi tí swíìṣì ooru máa wà: rédíétọ̀ àtijọ́ tó jẹ́ bàbà, ẹni tó ń tún rédíétọ̀ ṣe lè jó ẹnu bàbà kan mọ́ táńkì òkè rẹ̀, nítòsí ibi tí hóòsì òkè wọlé. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí wọ́n fi iná kàn án, ẹ jẹ́ kí tọ́nà tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin ṣe páìpù kúkúrú kan tó ní ẹnu eléyín fún swíìṣì, kí ẹ gé hóòsì òkè láàrin, kí ẹ ki páìpù náà bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n hóòsì rọ́bà ló wà lápá méjèèjì páìpù yẹn, kò kan bọ́dì níbì kankan. Bí swíìṣì yín bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń fi ara rẹ̀ gba ẹ́ẹ̀tì, ẹ so wáyà kan láti ara páìpù wá sí bọ́dì. Mo mọ ẹnì kan tó pààrọ̀ swíìṣì mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Omi inú rẹ̀ ńkọ́? Kóòlàǹtì ni, omi tí wọ́n ń tà fún rédíétọ̀, kì í ṣe omi kànga. Kànga ilé tèmi ń fi ìpatà pupa sí ìdí korobá, irú omi bẹ́ẹ̀ ló sì ń dí túùbù rédíétọ̀.

Bí òjò bá kún ọ̀nà tí ẹ sì rí i pé omi máa ga dé rédíétọ̀, ẹ fa fíúsì 5 yẹn yọ kí ẹ tó wọ inú rẹ̀. Fáànù tó bá ń yí nígbà tí omi gbá a mú, abẹ rẹ̀ lè tẹ̀ síwájú kó ya rédíétọ̀, tàbí kí mọ́tò rẹ̀ jó. Bí ẹ bá ti jáde, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ má tíì gbé e lọ Mile 12. Ẹ jẹ́ kó máa kùn nínú ọgbà pẹ̀lú bọ́nẹ́ẹ̀tì ní ṣíṣí, ẹ jìnnà sí fáànù torí kò ní kìlọ̀ kó tó gbéra. Hóòsì òkè á kọ́kọ́ tutù, lójijì á gbóná: témósítáàtì ti ṣí nìyẹn. Láìpẹ́ ẹ ó gbọ́ kákà rílé, fáànù kìíní á gbéra, yóò yí fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, á sì kú fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin. Bó bá tan tí kò kú mọ́, tí èkejì náà tan tí gééjì ṣì ń gòkè, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá tú rédíétọ̀ sílẹ̀ lọ fún ẹni tó máa ṣí táńkì rẹ̀ kó fi ọ̀pá wẹ́ẹ́rẹ́ wẹ inú túùbù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.